Fọ́tò Tí Màmá Fẹ́ Fi Ojú Ara Wọn Rí

Ọjọ́ tí wọ́n sin ọ̀rẹ́ Màmá ní Oǹdó ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Màmá tí mo ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá wò ọ́ láti òkè gíláàsì wọn, o máa rántí iṣẹ́ kan tó yẹ kí o ti parí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Èmi ni mo mú wọn lọ síbi ìsìnkú náà. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, a bá pósítà ńlá lára ògiri. Inú káàdì ìdìbò ni wọ́n ti yọ fọ́tò olóògbé náà, wọ́n wá fẹ̀ ẹ́ títí ó fi tó ilẹ̀kùn. Ìyá jẹ́jẹ́ tí kò lè rí ọmọdé kó má fún un ní bisikíìtì ló wá ń wo gbogbo wa láti ara ògiri bí ẹni tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ewúrẹ́ onílé mọ́ lọ́wọ́.

Màmá sún mọ́ pósítà náà títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Wọ́n yí orí sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

"Ta ni yìí?"

Mo ní ọ̀rẹ́ wọn ni. Wọ́n ní irọ́ ni, àwọn mọ ọ̀rẹ́ àwọn láti kékeré, kò sì ní irú ọrùn báyìí rí láyé. Mi ò rò pé wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwàásù ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ń kọrin tó kẹ́yìn, wọ́n tún yọ ojú wo ẹnu ọ̀nà, bíi pé obìnrin orí ògiri yẹn lè wọlé wá jókòó tì wọ́n.

Nígbà tí a délé, wọ́n tú gèlè, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lẹ àwọn mọ́ ògiri bí olè. Àwọn ọmọ àwọn wà lókè òkun, èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí nínú fóònù ni wọ́n máa mú. Nítorí náà, àwọn fẹ́ ya fọ́tò ìsìnkú àwọn sílẹ̀ báyìí, ojúlówó fọ́tò, kí àwọn fi ojú ara àwọn wò ó, kí àwọn sì fọwọ́ sí i.

Ojú yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè dúró. Èyí tòsì ti lọ láti bí ọdún méjì. Dókítà ojú ní Àkúrẹ́ sì ti sọ fún wa pé èyí tọ̀tún wà lójú ọ̀nà. Àìsàn náà ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí àárín, débi pé gbogbo ohun tí Màmá ń rí nígbà yẹn kò ju ohun tí ẹni tó ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́ lè rí. Bóyá oṣù ló kù, bóyá ọdún, dókítà ò lè sọ.

"Ikú ò bà mí lẹ́rù," ni Màmá wí. "Kí n fọ́jú kí n tó rí ojú tí wọ́n máa fi sin mí, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Ọkùnrin kan wà ní Oǹdó tó ti ń ya Màmá láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi ìwé dúdú àti funfun ya fọ́tò. A lọ bá a. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún yẹn le. Owó ìwé fọ́tò àti oògùn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ti kọjá agbára rẹ̀, ó ti ta kámẹ́rà, ó ti ti sítúdíò pa, ó ń fi ọ̀kadà jẹun. Aṣọ ńlá tó máa ń ta sẹ́yìn èèyàn, èyí tí wọ́n ya àtẹ̀gùn, òdòdó àti ọkọ̀ òfuurufú sí, òun ló fi bo ọ̀kadà náà nítorí òjò. Ó bẹ Màmá gan-an. Ó ní òun ò lè yà wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n òun lè gbé wọn délé.

Èmi náà kò sàn jù ú lọ. Yunifásítì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Àkúrẹ́ ti wà lẹ́nu ìdáṣẹ́sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, owó oṣù ti di nǹkan tí a ń gbọ́ nípa rẹ̀ lórí rédíò, mo sì ti gbé ọkọ̀ mi lé búlọ́ọ̀kù. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó sá lọ sókè òkun ní tirẹ̀, fi kámẹ́rà kékeré kan sílẹ̀ fún mi, èyí tí kì í lo fíìmù, tí fọ́tò ń hàn lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní kí n máa fi ya ọjọ́ tí ìjọba bá dá wa lóhùn. Nítorí ìdí èyí, mi ò tíì tàn án rí.

Mo sọ fún Màmá pé mo ní kámẹ́rà. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n lò. Mo ní, "Kí ló le níbẹ̀, Mà?" Tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tìrẹ, má ṣe dá ẹnikẹ́ni lóhùn bẹ́ẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́, mo wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Oǹdó. Màmá ti múra dé góńgó, léèsì, ìlẹ̀kẹ̀, gèlè tó dúró bí ilé alájà. Wọ́n jókòó sórí àga abẹ́ fèrèsé, nítorí pé ibẹ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù jókòó sí lọ́jọ́ tó wá kí wọn. Oòrùn ń tú wọlé láti fèrèsé náà lẹ́yìn wọn, ó sì rẹwà lójú mi. Mo tẹ kámẹ́rà. Mo wò ó. Gèlè wà níbẹ̀, èjìká wà níbẹ̀, ojú ò sí. Gbogbo rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Màmá gba kámẹ́rà náà, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún wọn, wọ́n wá a yí ká.

"Púrọ̀fẹ́sọ̀," ni wọ́n wí (èmi kì í ṣe púrọ̀fẹ́sọ̀, wọ́n sì mọ̀), "mo ní kí o ya èmi, o lọ ya òkè Ìdànrè."

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fà á. Kámẹ́rà ò mọ ẹni tí o fẹ́ràn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ sí jù ló ń kọjú sí, bí akọ̀wé ọ́fíìsì tó rí ọ̀gá lẹ́yìn rẹ tí kò rí ìwọ mọ́. Ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ìwọ tó ń ya fọ́tò ló yẹ kí ìmọ́lẹ̀ wà, kó máa bọ́ sójú ẹni tí o ń yà. Mo bẹ Màmá kí a yí àga bíṣọ́ọ̀bù padà. Wọ́n ní àga náà kò yí padà láti ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù ti dìde. Mo wá rò ó pé tí ìmọ́lẹ̀ bá dára, kí a kúkú lọ síbi tó pọ̀ sí. Mo kó wọn jáde sí àgbàlá lọ́sàn-án gangan.

Oòrùn dúró sí àárín orí wa. Gèlè da òjìji bo Màmá láti iwájú orí dé ṣóńṣó imú. Nínú fọ́tò náà, ẹnu wà, àgbọ̀n wà, ihò dúdú méjì ló wà níbi tí ojú yẹ kó wà. Wọ́n ní, "Ojú mi dà?" Ó dùn mí, nítorí ojú náà ni gbogbo wa ń sáré lé.

Ibẹ̀ ni bátìrì kú sí. Bátìrì kéékèèké méjì tó pọ̀ lọ́jà nígbà yẹn ni mo rà, irú èyí tó jẹ́ pé tí o bá ya fọ́tò mẹ́rin, ó ti fẹ̀yìn tì. Mo yọ ọ́, mo fi eyín rún un díẹ̀ bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe sí bátìrì rédíò, mo sá a sórí páànù nínú oòrùn. Màmá ń wò mí bí mo ṣe ń gé bátìrì jẹ. Wọ́n rọra béèrè bóyá mi ò jẹun kí n tó kúrò ní Àkúrẹ́. Wọ́n wá wọlé lọ gbé iṣu jáde.

Nígbà tó di Sátidé kejì, mo ti gbọ́n díẹ̀. Mo sùn mọ́jú ní Oǹdó kí a lè tètè bẹ̀rẹ̀. Ní bí aago mẹ́jọ àárọ̀, mo gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, lábẹ́ ìbòji, létí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ rọra wọ ojú Màmá bí ìpara. Mo ní ó parí. Mo yà á. Wọ́n gbà á, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ta ló gbé kinní yìí rù mí?"

Òpó tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò wa ló hù gbọọrọ láti àárín gèlè wọn, pẹ̀lú gbogbo irin ẹ̀ka rẹ̀. Wọ́n dà bí ẹni tó ń gba ìròyìn àgbáyé láti ọ̀run. Kí ni èmi tí mo kàwé wá ṣe? Mo lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò náà pé kó jọ̀ọ́, kó sọ òpó rẹ̀ kalẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló ń wò lọ́wọ́, èyí tí wọ́n tún ń gbé sáfẹ́fẹ́ láàárọ̀. Ó bi mí bóyá Màmá ni mo ń yà àbí òpó. Mo ṣàlàyé. Ó ní òun lè sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ìyàwó òun máa fẹ́ mọ ìdí. A wà lórí ọ̀rọ̀ yìí fún bí ogún ìṣẹ́jú, ìyàwó rẹ̀ náà ti jáde, kí Màmá tó ké sí mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìwọ, ṣé ẹsẹ̀ rẹ rọ ni? Sún sápá òsì."

Mo sún ìṣísẹ̀ kan sí apá òsì. Òpó náà kúrò. Láti ọjọ́ náà, kí n tó tẹ kámẹ́rà fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ wo ohun tó wà lẹ́yìn orí rẹ̀: igi, okùn aṣọ, ewúrẹ́ tó ń ṣe ohun tí kò yẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìṣísẹ̀ kan tó.

Ọwọ́ mi náà ń gbọ̀n. Ọwọ́ kan ni mo fi ń na kámẹ́rà síwájú, bí ẹni tó di òkú eku mú níìrù, Màmá sì ń jáde pẹ̀lú ojú mẹ́ta tó gun ara wọn. Màmá kan náà ló kọ́ mi. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní láti gbé ife omi ni: ọwọ́ méjèèjì, ìgúnpá mọ́ ìhà, má mí. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́tò dúró.

A wá dé ibi tí ìjà wà.

Gbogbo fọ́tò tí mo yà láàárọ̀ náà, ọ̀ọ́kán ni mo ti yà wọ́n, kí gbogbo ara Màmá lè wọlé, láti gèlè dé bàtà. Nígbà tí wọ́n gbé e sójú, wọn ò rí ara wọn. Ojú wọn nínú rẹ̀ kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Wọ́n ń yí kámẹ́rà kiri níwájú ihò kọ́kọ́rọ́ tó kù fún wọn, wọ́n rí gèlè, wọ́n rí àga, wọ́n sọ ojú nù sáàárín méjèèjì. Mo ní ó rọrùn, kí n sún mọ́ wọn ni. Nǹkan tó sì ń ba fọ́tò àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ jẹ́ jù náà nìyẹn, ìbẹ̀rù ni, a máa ń dúró lọ́nà jíjìn bíi pé ẹni tí a ń yà máa gbá wa létí. Mo sún mọ́ wọn, mo yà wọ́n láti àyà sókè. Wọ́n rí ojú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n wá ń wá ìsàlẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi dà?"

Mo ní kò wọlé. Wọ́n ní ta ló gé e. Ó yẹ kí n sọ fún ẹ̀yin tí ẹ kéré pé ní ayé tiwọn, fọ́tò ẹni iyì ní bó ṣe máa ń rí: o jókòó gbọnrangandan, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀ pẹ̀lú bàtà, kó hàn kedere. Àgọ́ ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì ìjọba nìkan ló ń ya orí láìsí ẹsẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá gé ní àyà, kí ló fi hàn pé ó dìde rìn rí?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Tí mo bá jìnnà, ẹsẹ̀ wọlé, Màmá ò sì ní rí ojú tí wọ́n fẹ́ rí kó tó pẹ́ jù. Tí mo bá sún mọ́ wọn, wọ́n rí ojú, ẹsẹ̀ sì di ẹran tí wọ́n gé. A fa ọ̀rọ̀ yìí títí iṣu ọ̀sán fi jinná. Nígbà tí inú bí wọn tán, wọ́n kúrò nínú Yorùbá ilé ìwé, wọ́n bọ́ sí èdè Oǹdó pátápátá, ohun tí wọ́n sọ sí mi níbẹ̀ kò ní dé inú ìwé yìí.

Lójijì wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti rí ọ̀nà. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló jìnnà sí ojú, kí a gbé ẹsẹ̀ wá bá ojú ni. Kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú léèsì àti gèlè, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì tààrà sí ọ̀dọ̀ mi. Ìyá tó ti ju àádọ́rin ọdún lọ. Aládùúgbò ti kúrò nídìí bọ́ọ̀lù, ó dúró ní fèrèsé rẹ̀. Mo lóṣòó, mo sún mọ́ wọn, mo yà á.

Ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún mi ni pé ohunkóhun tó bá wà nítòsí ojú kámẹ́rà, ńlá ló ń dà. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà méjì ló kún fọ́tò náà bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọ̀nà jíjìn, láàárín wọn, gèlè kékeré kan ń yọjú. Màmá gbé e sójú, wọ́n ń fà á láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì.

"Bàtà nìyí. Bàtà tún nìyí. Èmi dà?"

"Ẹ wà lẹ́yìn bàtà, Mà."

Wọ́n ní tí wọ́n bá lẹ èyí mọ́ ògiri, àwọn èèyàn á rò pé bàtà ló kú. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí gèlè fi tú, èmi náà jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà la fẹnu kò. Màmá gbà kí n yà wọ́n láti àyà sókè, ṣùgbọ́n wọ́n máa wọ ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní hàn, nítorí pé ẹni tó wà nínú fọ́tò máa mọ̀. Èkejì, mo gbọ́dọ̀ ya ẹsẹ̀ náà lọ́tọ̀, kí wọ́n fi í sínú Bíbélì, kí ẹ̀rí lè wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ jiyàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó tún lè lọ, nítorí epo tó wọ́n, ọkọ̀ ò sì rìn dáadáa. Nígbà tí mo dé, Màmá ń bu tíì fún mi. Ẹ̀gbẹ́ ife ni wọ́n bù ú sí, orí tábìlì, wọ́n sì ń bù ú lọ títí mo fi di ọwọ́ wọn mú. Mo nu tábìlì. Wọ́n lọ wọ bàtà wọn.

Mi ò ṣàwàdà lọ́jọ́ náà. Mo gbé àpótí ìdáná kékeré kan wá, mo jókòó lé e kí ojú mi lè wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú tiwọn, torí tí o bá dúró ya ẹni tó jókòó, ńṣe lo máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo fi aṣọ funfun nu ojú kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ dára, ẹ̀yìn wọn mọ́, ọwọ́ mi dúró. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé kámẹ́rà sókè báyìí, ojú Màmá a gan bí pátákó, ọrùn a le, wọ́n a di ọ̀rẹ́ wọn tó wà lára ògiri gẹ́lẹ́. Mo ya mẹ́wàá bẹ́ẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀ sórí itan mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ìbéèrè nípa ilé ìwé wọn. Mo ní tí ọmọ bá pẹ́ dé, tó sì ń parọ́ pé òun ṣàìsàn, kí ni wọ́n máa ń sọ fún un?

Màmá gbé orí sókè. Wọ́n wò mí láti òkè gíláàsì. Wọ́n mí sínú, ẹnu wọn fẹ́ là. Mo ti gbé kámẹ́rà, mo tẹ̀ ẹ́.

Mo mọ̀ pé òun ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo nà án sí wọn, wọ́n yí i kiri, wọ́n yí i kiri, wọ́n dá a padà fún mi. Ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà náà ti kéré jù fún ìríran tó kù fún wọn. Wọ́n ní, "Lọ tẹ̀ ẹ́ ní ńlá. Yára."

Ní òpópónà Arakale ní Àkúrẹ́, ẹnì kan wà tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ fọ́tò. Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, kó fi sínú férémù. Ó wo Màmá lójú kọ̀ǹpútà, ó mi orí, ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á tù yín nínú. Gbogbo ìlú ló ń bá àwa olùkọ́ yunifásítì kẹ́dùn nítorí owó oṣù nígbà yẹn, mo sì dúpẹ́. Ó béèrè ọjọ́ orí Màmá. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n dájú, á tó méjìlélọ́gọ́rin. Ó béèrè ìjọ wọn. Mo sọ fún un, inú mi sì dùn pé irú oníṣẹ́ tó ń fẹ́ mọ èèyàn báyìí ṣì wà. Nígbà tí mo padà lọ ní Sátidé, ó ti fi ìwé ìròyìn wé e. Kò gba gbogbo owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní ẹ wo ọmọlúàbí.

Inú ọkọ̀ Oǹdó ni mo gbé e lé itan sí. Nígbà tí a kọjá ìta Àkúrẹ́ díẹ̀, ọkọ̀ kó sínú kòtò, ìwé ìròyìn ya. Obìnrin tó jókòó tì mí wò ó, ó dijú, ó di ọwọ́ mi mú. Mo wò ó èmi náà. Màmá wà níbẹ̀, wọ́n rẹwà gan-an. Ṣùgbọ́n àbẹ́là méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn, àdàbà ń fò lórí gèlè, wọ́n sì kọ ÌPÈ SÍ ÒGO sókè gàdàgbà, pẹ̀lú ọdún méjìlélọ́gọ́rin nísàlẹ̀.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Ta ló máa ń gbé fọ́tò ńlá ìyá àgbà wá sí ṣọ́ọ̀bù láìsí òkú nílé?

Obìnrin náà bi mí ohun tó pa Màmá. Mo ní kò sí ohun tó pa wọ́n, wọ́n ń retí mi nílé, wọ́n ń se ìrẹsì. Ọkùnrin kan níwájú yíjú padà, ó ní ṣé òun gbọ́ dáadáa? Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ojú, káàdì ìdìbò, bàtà. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni obìnrin yẹn ń sún kúrò lọ́dọ̀ mi tó. Ọkùnrin náà ní, "Ọ̀gá, ẹ wá ń kánjú ni?" Mo rí i tí dírẹ́bà ń wò mí nínú dígí. Nígbà tí a fi máa dé Oǹdó, ẹnì kan ò fara kàn mí mọ́, wọ́n sì ní kí n kọ́kọ́ sọ̀, kí n ṣọ́ra lọ sílé tààrà, nítorí pé wọ́n ti dá ojú mi mọ̀.

Mo ronú pé kí n yọ ọ́ kúrò nínú férémù kí n tó wọlé. Màmá ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbà á, wọ́n gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé e sí ojú ọ̀tún wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí i, wọ́n ń kà á bí ìwé.

Wọ́n ka ÌPÈ SÍ ÒGO. Wọ́n ní ẹyẹ nìyí. Wọ́n rí àbẹ́là. Ìka wọn sáré lọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì bú jáde.

"Méjìlélọ́gọ́rin? Ta ni ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́rin? Èmi tí mi ò tíì pé ọgọ́rin?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní oníṣẹ́ ló ṣe é, mo ní èmi ni mo ṣàṣìṣe. Wọ́n ní kí ikú dé kò burú, àwọn ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí èèyàn wá fi ọdún mẹ́ta kún un lójú ọ̀nà! Wọ́n rán mi lọ mú pílásítà inú àpótí oògùn wá, wọ́n fi bo ọjọ́ orí náà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá dé orí ojú ara wọn. Ó pẹ́. Ìrẹsì jinná, mo lọ sọ ọ́ kalẹ̀, mo padà wá, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n wo iwájú orí. Wọ́n wo ojú òsì tó ti lọ, wọ́n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n wo ọ̀tún. Wọ́n tẹ̀ lé ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá sílẹ̀ dé ẹnu, wọ́n sì dúró níbẹ̀ jù.

"Obìnrin yìí fẹ́ sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ó dáa. Èmi nìyí."

Wọ́n ní kí n gbé e kọ́ sí yàrá, kì í ṣe pálọ̀, kí àlejò má bàa máa bá wọn kẹ́dùn lójú ara wọn.

Ojú náà lọ tán kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó dá. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti dé láti Àkúrẹ́, kí n tó jókòó, wọ́n á ní kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Màá wọ yàrá, màá nu eruku ara rẹ̀, màá padà wá.

"Báwo ni obìnrin yẹn?"

"Dáadáa ló wà, Mà."

"Ṣé kò tíì sọ̀rọ̀?"

"Kò tíì sọ̀rọ̀."

"Kó ṣì dákẹ́, èmi ṣì ń sọ̀rọ̀," ni Màmá á wí. "Wá jẹun."